Kọ̀ǹpútà kò mọ ojú ènìyàn

Nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àjọ ní abúlé, àgádágodo mẹ́ta ni ó máa ń wà lára àpótí owó. Ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ń mú kọ́kọ́rọ́ wọn. A kò pe ẹnikẹ́ni ní olè. A kò kàn fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè ṣí àpótí náà ni.

Owó orí fóònù náà ní àpótí tirẹ̀. Kò sí nínú fóònù tí a mú lọ́wọ́. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń bójú tó o ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, ní ibi tí ó jìnnà sí wa. Ìdí nìyí tí owó wa kì í fi í ṣègbé bí fóònù bá bọ́ sínú kànga. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ojú ènìyàn. Ohun méjì ni ó fi ń mọ olówó: nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti kóòdù àṣírí rẹ̀. Ẹni tí méjèèjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni olówó lójú kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, kí ni à ń rí lọ́jà? Ìyá kan fẹ́ gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ó na fóònù sí ẹni tí ó ń san owó, ó sì sọ kóòdù rẹ̀ sókè kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹni náà lè jẹ́ olóòótọ́. Àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ìyá náà ńkọ́?

Àwọn mìíràn ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ èké pé: «Mo ṣèèṣì fi 20 000 fráǹkì ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dá a padà.» Ìránṣẹ́ lásán ni àtẹ̀jíṣẹ́; àkọsílẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara wa wo iye owó wa ná.

Àwọn kan yóò ní fífi kóòdù pamọ́ fún ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ kò fi ìfẹ́ hàn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àgádágodo mẹ́ta kò tú ẹgbẹ́ àjọ ká. Òun ni ó ń dáàbò bo ọ̀rẹ́ wọn.

Nítorí náà, mo rò pé ó yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbà máa fi fóònù kọ́ni, kí àwọn ilé-iṣẹ́ sì máa kọ̀wé sí wa ní èdè wa. Ẹni tí ó bá mọ òǹkà láti 0 dé 9 lè tẹ kóòdù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìwé kíkà ni kí a máa fi ṣọ́ owó wa.