Ẹ Kọ Òfin Ọ̀nà ní Èdè Wa

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, ní Ṣábẹ àti ní Àjàṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ òfin ọ̀nà.

Kọ́múnù 77 ló wà ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ọdún 2003, kọ́múnù kọ̀ọ̀kan ti ní ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń jíròrò ọ̀rọ̀ ọjà, ibùdókọ̀ àti ọ̀nà àárín ìlú.

Òfin ọ̀nà dára. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dí ẹnu ọ̀nà ọjà, àárín títì ni ìyá tó ru gàrí yóò gbà. Ibẹ̀ ni alùpùpù ti lè gbá a.

Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ òfin náà. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ọjọ́ tí wọ́n bá gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tó gbọ́. Òfin tí a kò lè kà, ọ̀pá ni lọ́wọ́ ẹni tó mú un dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà, iṣẹ́ yín dé. Òfin ńlá ilẹ̀ wa ti ọdún 1990 sọ pé kí ìjọba mú èdè ìbílẹ̀ gòkè. Ìjókòó ìgbìmọ̀ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ará ìlú lè wọlé gbọ́ ọ. Ẹ lọ. Ẹ sọ fún àwọn tí ẹ dìbò yàn pé kí wọ́n kọ òfin ọ̀nà ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ọjà àti ibùdókọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gba owó ìtanràn. Bí ẹ bá sì san owó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí.

A ti mọ ìwé kà. Ó ku kí wọ́n kọ ọ́ fún wa.