Ewé ata ń pọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fatiláísà sílẹ̀ ná

Mo ti yọ fídíò yẹn kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè rẹ̀ ní DM, ẹ má bínú, mi ò ní gbé e padà. Mo sọ níbẹ̀ pé tí ewé ata bá ti ń pọ́n, ebi ló ń pa á, kí ẹ fún un ní NPK. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, mo tún fi orin sí i lábẹ́. Kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Magboro níbí ni mo gbin ata rodo sí, àpò ìrẹsì méjìlá. Ẹni tó bá ti ra ata lọ́jà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò ní bi mí nídìí. Wọ́n dàgbà dáadáa. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tanná, fọ́tò ni mò ń yà kiri. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Yẹ́lò rẹ́súrẹ́sú, bí ìyeyè.

Mo lọ sórí Google. Àwòrán tó jáde dùn ún wò: oríṣiríṣi ewé tí àwọ̀ wọn ti yí padà, wọ́n sì kọ oúnjẹ tí kò tó sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó fura pé ewé igbó ni. Igbó o! Ní Kánádà, òfin ti gbà á láàyè láti 2018, ẹni tó bá gbìn ín síwájú fèrèsé lè jókòó kó máa yẹ ewé rẹ̀ wò bíi dókítà. Tí ẹ bá dán an wò níbí, NDLEA ló máa bá yín yẹ ẹ́ wò. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lo àwòrán náà fún ata mi.

Àwòrán yẹn kò sì burú o. Ohun tí ewé igbó ń sọ tí oúnjẹ kò bá tó, ewé ata àti tòmátì náà ń sọ ọ́. Èmi ni mi ò kà á tán. Mo rí yẹ́lò, mo rí "nitrogen", ó parí. Mo ra NPK 15-15-15, mo da ẹ̀kúnwọ́ kan sí àpò kọ̀ọ̀kan, mo ṣe fídíò. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo tún dà á.

Etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ẹni pé iná rà á. Òdòdó ń já bọ́ sílẹ̀.

Ìyá lándíládì wa ló jáde sí mi.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lo tún ń dà sí i?"

"Fatiláísà ni mà. Ebi ló ń pa á."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Mi ò lè dárúkọ Google. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ki ọwọ́ bọ inú àpò, wọ́n bu erùpẹ̀ jáde, wọ́n gbé e sí mi nímú. Ó ń rùn bíi gọ́tà.

"Omi ló ń pa á. Ẹni tí omi ń gbé lọ, oúnjẹ lo fẹ́ bù fún un?"

Ó dùn mí dé egungun.

Àpò tí mo lò ní ọ̀rá nínú, mi ò sì lu ihò kankan sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibí, ẹ mọ ilẹ̀ wa. Àwọn àdúgbò kan wà tó jẹ́ pé àbàtà ni wọ́n da yanrìn lé kí wọ́n tó kọ́lé. Èmi wá lọ bu amọ̀ ẹ̀bá gọ́tà sínú ọ̀rá, òjò ń rọ̀ sí i, èmi náà tún ń bomi rin ín láràárọ̀. Gbòǹgbò ń mí. Tí omi bá gba gbogbo àyè inú erùpẹ̀, afẹ́fẹ́ tán nìyẹn, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Gbòǹgbò tó ti jẹrà kò lè gbé oúnjẹ, bó ti wù kí oúnjẹ pọ̀ tó nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ewé fi dà bí ti ẹni tí ebi ń pa. Fatiláísà sì jẹ́ iyọ̀. Tó bá pọ̀ jù, kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, ó tiẹ̀ lè fa èyí tó wà nínú gbòǹgbò jáde. Èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi jó etí ewé wọ̀nyẹn.

Ohun tí ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò ni ibi tí yẹ́lò ti bẹ̀rẹ̀.

Nitrogen máa ń rìn nínú ewéko. Tí kò bá tó, ata á bù ú kúrò lára ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀, á gbé e fún ewé tuntun àti òdòdó, bí ìyá tó ń bu oúnjẹ inú àwo tirẹ̀ fún ọmọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, tó pọ́n délẹ̀délẹ̀, tí ó ń gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí erùpẹ̀ kò sì rẹ omi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ebi lóòótọ́. Ẹ fún un ní díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o: nitrogen tó bá pọ̀ lápọ̀jù lásìkò tí ata ń tanná, ewé dúdú kìjikìji lẹ máa rí, òdòdó á máa já. Magnesium náà ń rìn. Tí òun ni kò tó, ewé àgbà yẹn náà ló máa pọ́n, àmọ́ iṣan rẹ̀ á ṣì wà ní àwọ̀ ewé.

Ewé méjì mẹ́ta nísàlẹ̀ tó pọ́n tó sì já nígbà tí ata ti ń so? Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti gbó ni.

Tó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì dúdú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Iron kì í rìn bẹ́ẹ̀, ewé ọmọ ló ń kọ́kọ́ fìyà jẹ. Apá ọ̀dọ̀ wa níbí, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló pọ̀, àwọn èèyàn á lọ bu yanrìn ẹ̀gbẹ́ ilé tuntun tí sìmẹ́ǹtì ti dà sí, wọ́n á fi gbin nǹkan. Sìmẹ́ǹtì á so iron mọ́lẹ̀, ó wà níbẹ̀ àmọ́ gbòǹgbò kò ní lè mú un. Eérú tó pọ̀ jù lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wá da NPK sí ìyẹn, kí ló fẹ́ ṣe?

Ewé tó ká kò, tí yẹ́lò àti àwọ̀ ewé dà pọ̀ mọ́ra lára rẹ̀ bí àǹkárá, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí mọ irú rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí IITA ní Ìbàdàn ti ń wá ẹ̀gẹ́ tó lè kojú rẹ̀. Kò ní oògùn. Ẹ fà á tu kí àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké abẹ́ ewé tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ní 2016, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba tòmátì jẹ́ ní Kaduna débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ìpàjáwìrì, inú ewé ni ìdin rẹ̀ ń gbé tó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá rí ewé yẹn tó sọ pé ebi ni, owó ló dà nù.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé, "Èmi lo NPK, ata mi sì dáa." Ó dáa. Ata tìrẹ ni ebi ń pa.

Ohun tó ń dùn mí ni àwa tí à ń ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì. Èèyàn á fi fọ́tò ewé kan ṣoṣo ránṣẹ́, láàárín ìṣẹ́jú kan a ti sọ àrùn, a ti sọ oògùn, a ti fi líǹkì ibi tí wọ́n á ti rà á sí i. Ẹ ò ní rí ẹni tó máa ṣe fídíò pé "lu ihò sí ìdí àpò rẹ," torí kò sí ẹni tó ń ta ihò. Lẹ́yìn fídíò tèmi, ẹnì kan tó ń ta àjílẹ̀ olómi kọ sí mi pé òun máa fún mi ní ìpín lórí gbogbo ìgò tó bá tà. Mo ti ń ṣírò owó náà, mi ò ní parọ́.

Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan láti Ìbàfò fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ọgbọ̀n ìdí ata, ó ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú ìyá olóúnjẹ kan tó máa rà á. Ó ṣe gbogbo ohun tí mo sọ. Kò bú mi o. Ó kàn ní, "Sisí, ẹ wò ó, ṣé mo dà á pọ̀ jù ni?" Mo ní kó ki ọwọ́ bọ inú erùpẹ̀ kó gbóòórùn rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ó ń rùn.

Mo ti rán owó irúgbìn sí i. Oṣù mẹ́ta tó ti lò lórí wọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa rán ìyẹn.

Nítorí náà, láti òní lọ, tí ẹ bá fẹ́ kí n bá yín wo ewé, ẹ ya ewé ìsàlẹ̀, ẹ ya ewé òkè, ẹ yí ewé padà kí ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá ya ìdí àpò. Ẹ sọ ìgbà tí ẹ bomi rin ín kẹ́yìn àti ibi tí ẹ ti bu erùpẹ̀. Ẹni tí kò bá fi fọ́tò ìdí àpò ránṣẹ́, mi ò ní dá a lóhùn, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ mi.

Nínú méjìlá tèmi, méje ti kú. Mo lu ihò sí ìdí márùn-ún tó kù, mo gbé wọn lé orí búlọ́ọ̀kù, mi ò bomi rin wọ́n títí ojú erùpẹ̀ fi gbẹ. Méjì ti yọ ewé tuntun. Ìyá lándíládì ní kí n má tíì ya fọ́tò rẹ̀.