Ìwé Àṣẹ Sóṣà Wọ́kà Gbọ́dọ̀ Dé Kabba

Ní ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ sóṣà wọ́kà ní Nàìjíríà. Kó tó dìgbà náà, dókítà ní ìgbìmọ̀ tó ń fún un níwèé àṣẹ, nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀, apòògùn náà ní tirẹ̀. Ẹni tó ń jókòó ti aláìsàn láti gbọ́ ohun tí kò lè sọ fún dókítà ni kò ní. Ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní sóṣà wọ́kà. Bó bá sì ba ayé ẹni tó wá bá a jẹ́, kò sí ìwé orúkọ tí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Òfin ti wà. Ó kù kó dé Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi.

Ká ní rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá àgbà kan ní abúlé kan ní agbègbè Bunu tó wà nítòsí ibẹ̀. Wọ́n á gbé e gba Kabba, wọ́n á tún gbé e dé Lokoja, nítorí ibẹ̀ ni ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà. Ọ̀nà kọnkéré kìlómítà 43 tí ilé-iṣẹ́ Dangote ṣe láàárín Obajana àti Kabba ti mú ìrìn náà rọrùn. Dókítà á ṣe tirẹ̀, á ní kí ìyá máa lọ sílé. Ta ni yóò máa gbé e dìde? Nínú àwọn ọmọ tó fọ́n ká sí Èkó àti Abuja, ta ni yóò máa fi owó oògùn ránṣẹ́? Bí ìyá bá ń sunkún lóru, tó ń bẹ ikú pé kó wá mú òun, ta ló máa mọ̀ bóyá àárẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tàbí àìsàn ọkàn? Iṣẹ́ sóṣà wọ́kà nìyẹn. Òun ló ń pe ẹbí jọ, tó ń wá ọ̀nà sí owó ọsibítù, tó ń bẹ aláìsàn wò nílé, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n sáré lọ bá dókítà ọpọlọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, kò fẹ́ kí aláìsàn ọpọlọ dá nìkan wà. Ẹnì kan nínú ẹbí ní láti tẹ̀ lé e wá. Ilé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká ni wọ́n ń gbé, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa Aro. Ohun tí Lambo rí ni pé ẹbí jẹ́ ara ìwòsàn, ṣùgbọ́n ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹbí àti ọsibítù.

Àwọn kan á ní Kabba kò ṣaláìní olùgbani-nímọ̀ràn: olórí ẹbí wà, pásítọ̀ wà, àlùfáà wà. Òótọ́ ni, wọ́n sì ń ṣe gudugudu méje. Àmọ́ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù kì í fẹ́ sọ ọ́ níwájú àbúrò bàbá ọkọ. Níbi tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn, àṣírí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ ń bẹ̀rù fún. Ìwúlò ìwé àṣẹ hàn níbí ju ibikíbi lọ: òṣìṣẹ́ tó bá tú àṣírí lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, kí ìgbìmọ̀ ṣọ́ra. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ tó ga nínú iṣẹ́ yìí á gba oyè másításì, á ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá fún nǹkan bí ọdún méjì, á sì ṣèdánwò. Ní 2022, àjọ tó ń ṣe ìdánwò náà, ASWB, gbé èsì rẹ̀ jáde. Láàárín 2018 sí 2021, bí ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ funfun ló yege nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, ìdá 45 péré ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ará ìlú lè ti ẹni tó mọ ará ìlú jù lọ mọ́ta. Bó bá jẹ́ Abuja nìkan ni wọ́n á ti máa ṣèdánwò, tí owó rẹ̀ tún ga, òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà tó ti ń parí ìjà lọ́kọláya ní ìjọba ìbílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó gbọ́ ẹ̀ka-èdè Owé, tó gbọ́ ti Bunu, ló máa kọ́kọ́ já bọ́.

Kí wọ́n ka ọdún tí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fi ṣiṣẹ́ sí, kí wọ́n kọ́ ọ ní ohun tó kù, kí ọ̀gá tó níwèé àṣẹ sì máa wá bẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi náà ní tirẹ̀ láti ṣe ní Kabba/Bunu, Ijumu, Mopa-Muro àti Yagba méjèèjì. Ọsibítù ìjọba ní Kabba ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí owó oṣù òṣìṣẹ́ méjì tó níwèé àṣẹ wọ inú ìsúná ọdún tó ń bọ̀, pẹ̀lú yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì.