Ẹ Kú Oríire o, Ọmọ Alárá Tó Kọ́lé fún Bàálù

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ìjerò, kí wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹ̀fọ̀n, kí ẹni tó ń wọkọ̀ lọ ní oríta Ìtàwúrè yọjú bi wá pé kí ló dé. Ọmọ wa ti gba fírídọ̀mù! Ní Aramoko níbí, ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà kan ti kọ́ṣẹ́ yege, iṣẹ́ tó sì gbé síwájú ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe géètì, kì í ṣe irin ojú fèrèsé, kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin. Háńgà ni. Ilé tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe, tó kéré débi pé orí tábìlì kan gbà á, pẹ̀lú bàálù nínú rẹ̀, àkàbà, agolo ọ́ìlì, àti ọkùnrin kan tó lóṣòó sídìí táyà tó ń wò ó bíi pé táyà jẹ ẹ́ lówó.

Àbúrò mi, o kú oríire. O kú iṣẹ́, o kú àforítì, o kú ojú àìsùn.

Ìwọ̀n 1/72 ni àbúrò mi lò. Àwọn tó ń ṣe bàálù kékeré kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lo ìwọ̀n yìí; ọdún 1936 ni iléeṣẹ́ Frog ní Ìlú Ọba ti ń fi ṣe tiwọn tà. Ẹni tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà á di íǹṣì kan péré. Boeing 737-800 tó gùn ní mítà 39.5 á di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 55, apá rẹ̀ méjèèjì láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó kò sì ní ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé kún un. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn: “Ẹ̀gbọ́n, ti pápákọ̀ òfurufú Adó yẹn gùn tó kìlómítà 3.2. Tí mo bá ní kí n ṣe é, á tó mítà 44. Á jáde ní ṣọ́ọ̀bù, á sọdá títì, á bá ìyá onímọ́ínmọ́ín nídìí ìkòkò.”

Òrùlé rẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Háńgà kò gbọdọ̀ ní òpó láàárín, torí tí òpó bá wà níbẹ̀, níbo ni apá bàálù á gbà kọjá? Ògiri ọ̀tún àti ti òsì ló ń gbé gbogbo ẹrù orí ilé. Wọ́n á wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so igun mẹ́ta mẹ́ta jọ láti ògiri dé ògiri, torí ohun onígun mẹ́ta kì í yẹ̀ bí onígun mẹ́rin ṣe ń yẹ̀ tí a bá tì í. Ẹ̀yin ará Ẹ̀fọ̀n, ẹ má bínú sí wa o. Ẹ̀yin lẹ ni Agbọ́nbíọ̀fẹ́ tó gbẹ́ òpó ààfin Aláayè. Òpó ni ẹwà ilé tiyín. Àìlópòó ni ẹwà tiwa!

Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ló gé fún irin òrùlé náà. Ẹ̀rọ tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń jó géètì ì bá yọ́ ọ dànù lẹ́ẹ̀kan náà, ló bá lọ yá irin tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ léèdì. Páànù ńkọ́? Bébà fàdákà tó máa ń bo ẹnu agolo Milo ni. Ó tẹ́ ẹ sórí ìyarun, ó fi ẹ̀yìn bírò tẹ̀ ẹ́ wọ àárín eyín ìyarun lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi lapa bíi páànù orí ilé. Ilẹ̀ háńgà náà ló tún wú mi lórí jù. Ó kun ún ní àwọ̀ eérú, ó po ọ̀dà dúdú mọ́ tínà, ó kán an sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì fi àkísà nù ún kó tó gbẹ. Ojú ọ́ìlì pátápátá! Ẹni tó bá ti wọ ọgbà mẹkáníìkì rí, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbóòórùn.

Bàálù tó ń fò ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣe. Ti ọmọ yìí kò fò. Ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan wà ní ṣíṣí, wáyà ń yọjú nínú rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn. Bàálù tí àsìkò àyẹ̀wò ńlá rẹ̀ bá tó, èyí tí wọ́n ń pè ní C-check, ilẹ̀ ló ń jókòó sí. Wọ́n á tú àga inú rẹ̀, wọ́n á tú pákó ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n á máa wá ibi tó dípẹtà àti ibi tó sán. Òkè òkun ni àwọn iléeṣẹ́ bàálù wa ń gbé púpọ̀ nínú tiwọn lọ fún un, dọ́là ni wọ́n sì ń kà sílẹ̀. Aero Contractors ń ṣe é l'Ékòó fún àwọn Boeing 737 kan, ká má purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2022 tí bàálù kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú wa ní Adó, lọ́nà Ìjàn, òkè ni gbogbo wa ń wò, à ń ju fìlà. Ọmọ wẹ́dà yìí ló bèèrè pé, tó bá bàjẹ́ ńkọ́, ibo la ó gbé e wọ̀?

Irú ojú bẹ́ẹ̀, tó ń rí ohun tí àwọn yòókù fojú fò, kì í ṣe tuntun l'Ékìtì. Olówè ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé rù sára ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́. Lọ́dún 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ ṣàfihàn ní Wembley ní Ìlú Ọba, àwọn òyìnbó ò sì jẹ́ kó padà wálé mọ́. Ìtẹ́ ni wọ́n ṣe fún Ògògà láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Wọn ò ní rí ti Aramoko gbé lọ o!

Ìyá ọmọ, ẹ kú àbójútó. Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú sùúrù. Òṣónú ọ̀gá ì bá ti ní kó palẹ̀ ìṣeré mọ́ kó wá lọ jó géètì oníbàárà. A ti gbàdúrà, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, a ti ya fọ́tò. Iyán ti délẹ̀, ẹ wá bá wa jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo háńgà kí ó fọwọ́ ọbẹ̀ kó tó sún mọ́ tábìlì, kí ó má sì fọwọ́ kan apá òsì bàálù o: gúlúù ibẹ̀ ò tíì gbẹ.