Ta Ló Bi Ojúọlá Léèrè?



Láti ìgbà tí àwọn sínió wa ti ṣe eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame (Ifẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1968), àríyànjiyàn ò tán ní dọ́mítírì. Àwọn kan ní òrìṣà ló jẹ̀bi, àwọn kan ní ìbínú Ọdẹ́wálé ni. Èmi ò gbà. Bàbá rẹ̀, Ọba Adétúsà, ni mo mú.

Fákúnlé ní ọmọ náà máa pa bàbá rẹ̀, á sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n so ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló pọ̀, wọ́n gbé e fún Gbọ̀nká pé kó lọ pa á nínú igbó. Ó tán! Ojúọlá tó gbé oyún náà, ta ló bi í léèrè? Ẹkún nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ẹ máa ní Adétúsà náà banújẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ògúndélé ọdẹ, tí kì í ṣe ẹbí, òun ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. (Òun náà fi òótọ́ pamọ́ fún un, ìyẹn ò dáa.) Nígbà tí bàbá àti ọmọ wá pàdé lóko, èébú ni bàbá fi kí i, ọkọ́ ni ọmọ fi pa á. Báwo ló ṣe máa mọ ojú ọmọ tó ti gbé sọnù?

Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì mi, ọmọ Edo ni, ẹnu yà á. Ó ní níbí ní Benin, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún igiogbe, ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú. Ta ló máa gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jù sígbó? Mo ní, “Ìwọ tó o jẹ́ àkọ́bí obìnrin ńkọ́?” Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ló ni ín. Ló bá yíjú sí ògiri.

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yìí kan èmi náà. Ọjọ́ tí dádì mi sọ pé Ikpoba Hill ni mo ti máa kàwé, mọ́mì mi ń rẹ́ ilá lọ́wọ́. Ọ̀bẹ dúró díẹ̀, wọ́n tún ń rẹ́ ẹ lọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ràn dádì mi o, wọn kì í lu ẹnikẹ́ni, wọn kì í jẹ owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jọ wá ní ọjọ́ ìbẹ̀wò, màá bi mọ́mì níṣojú wọn: kí lẹ fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà?