Ọwọ́ Ẹni Tí Ń Nu Fèrèsé

Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni a óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ lónìí. Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú ọyẹ́ tí ó kọjá, nígbà tí eruku ti sọ gbogbo fèrèsé ilé wa ní Ajangbadi di pupa, a pe ọmọkùnrin kan ní àdúgbò kí ó wá bá wa nù wọ́n. Ilé àtijọ́ onílúfà ni ilé wa: fèrèsé méjìlá, ewé dígí mẹ́rìndínlógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé 192 ni gbogbo ewé dígí náà, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní iwájú àti ẹ̀yìn, ojú dígí 384 ni ọwọ́ yóò nù kí iṣẹ́ náà tó parí, láìka fífún àkísà mọ́ ọn. Àwa kò ṣe ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀. Owó iṣẹ́ nìkan ni a bá a ná, a sì ná an wálẹ̀ gidigidi.

Ó ku díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù nígbà tí korobá omi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí àkàbà, tí omi ọṣẹ sì dà sórí àwọn àga wa. A bá a wí, ohùn wa kò sì rẹlẹ̀. Ó dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. N kò mọ ìgbà tí ó bọ́. Ọwọ́ mi ti kú.”

Àwáwí ni a kọ́kọ́ pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jókòó tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ojú tì wá. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó wà lára àwọn tí ń nu dígí àwọn ilé gíga ní Erékùṣù Èkó; ní ọjọ́ Sátidé ni ó ń nu ti àwọn ará ilé bí irú tiwa. Ó tó oṣù mẹ́jọ tí àtàǹpàkò rẹ̀ àti àwọn ìka méjì tí ó tẹ̀lé e ti ń jó o bí ẹni tí èèrà ń rìn lára rẹ̀. Ní òru, ìrora a máa jí i, yóò sì máa gbọn ọwọ́ náà bí ẹni tí ń gbọn omi dànù, títí yóò fi rọ̀ díẹ̀. Kò lè gbé apá ọ̀tún kọjá etí mọ́ kí ejìká má ta á. Ìyá rẹ̀ ní ẹnìkan ni ó fi ohun búburú bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níbi ìnáwó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní làkúrègbé ni. Ẹni tí ń ta oògùn ní ìkóríta ń di oríṣi hóró mẹ́ta fún un sínú bébà, kò sì dá orúkọ ọ̀kankan. Ọ̀gá rẹ̀ ní ìmẹ́lẹ́ ni. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó dárúkọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìlú Modena ní ilẹ̀ Ítálì, oníṣègùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bernardino Ramazzini. Ní ọdún 1700 ó tẹ ìwé kan jáde lórí àìsàn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì fi kún un ní 1713. Ó kọ̀wé níbẹ̀ pé àwọn akọ̀wé ń ṣàìsàn nítorí pé ọwọ́ wọn ń lọ ní ọ̀nà kan náà láìsinmi. Ó sì gba àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ níyànjú pé lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè tí a ń bi aláìsàn, kí wọ́n fi ọ̀kan kún un: iṣẹ́ wo ni o ń ṣe? Ìbéèrè kékeré yìí ni ẹnikẹ́ni kò bi ọmọkùnrin wa.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ó ti rí. Ní ọrùn-ọwọ́ wa, ojú ọ̀nà tóóró kan wà. Egungun ni ilẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ líle kan sì dábùú rẹ̀ lókè bí ọ̀já. Okùn iṣan mẹ́sàn-án tí ń fa àwọn ìka ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, pẹ̀lú iṣan kan tí ń gbé ìmọ̀lára. Bí ọwọ́ bá ń di nǹkan mú, tí ó ń tẹ̀, tí ó ń fún àkísà láti òwúrọ̀ di alẹ́, àpò tí ó yí àwọn okùn náà ká yóò wú. Àyè kò sì sí níbẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ni a óò tẹ̀ pa. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá, ìka àárín àti ìlàjì èyí tí ó tẹ̀lé e ni iṣan yìí ń sìn. Kò dé ọmọńdinrín rárá. A bi ọmọkùnrin wa nípa ọmọńdinrín rẹ̀, ó sì ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọ̀tá wo ni yóò fi oògùn bọ ènìyàn lọ́wọ́, tí yóò sì fara balẹ̀ yọ ọmọńdinrín sílẹ̀?

Ti ejìká yàtọ̀ díẹ̀. Apá tí a gbé sókè ju ejìká lọ fún ìgbà pípẹ́ a máa há okùn iṣan mọ́ abẹ́ egungun, ẹran ara tí a kò sì jẹ́ kí ó dẹ̀ kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó. Fífún àkísà ní tirẹ̀ a máa ba ìgbọ́nwọ́ àti ìdí àtàǹpàkò jẹ́. Fritz de Quervain, oníṣègùn ará Siwitsalandi, ṣàpèjúwe ìrora ìdí àtàǹpàkò yìí ní 1895, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi alágbàfọ̀ pè é lórúkọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fún aṣọ yóò mọ ohun tí a ń wí.

Ní ayé àwọn bàbá wa, fèrèsé pákó ni a ní, kò sì sí ẹni tí ń gun àkàbà lọ nù ún. Dígí ni ó mú iṣẹ́ yìí wá. Ní 1936 ni Ettore Steccone, ará Ítálì tí ó ṣí lọ sí California, ṣe ọ̀pá onírọ́bà fífúyẹ́ tí a fi ń fa omi kúrò lójú dígí, irú rẹ̀ ni ọmọkùnrin wa ń lò ní Erékùṣù. Ó dín nínù kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọrùn-ọwọ́ ń yí ní gbogbo ìgbà tí ọ̀pá bá yí, bí iṣẹ́ sì ti yá sí i ni a ń fi kún iye dígí tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ parí. Ẹ sì rántí ìrìn rẹ̀: kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ajangbadi dé Okokomaiko, ọkọ̀ dé Mile 2, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò lọ sí Marina ní oṣù September 2023. Bí kò bá rí ìjókòó, apá ọ̀tún kan náà ni yóò nà sókè láti di irin mú.

Kí ni ṣíṣe? Kí ẹni tí ń nù ún gun àkàbà títí dígí yóò fi bá àyà rẹ̀ dọ́gba, tàbí kí ó lo ọ̀pá gígùn. Kí ó máa pààrọ̀ ọwọ́, kí ó sì máa pààrọ̀ iṣẹ́: kí ó nu dígí díẹ̀, kí ó pọnmi díẹ̀, kí ó gbálẹ̀ díẹ̀. Ìsinmi ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà púpọ̀ sàn ju ìsinmi gígùn kan lọ. Kí ó fi aṣọ wé ìdí ọ̀pá tín-ín-rín kí ó lè nípọn, kí ó má sì bu omi kún korobá. Bí ọwọ́ bá ń kú ní òru, ohun tí ń mú ọrùn-ọwọ́ dúró gbọọrọ bí a bá wé e sùn a máa ran ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ́wọ́. Ní ti hóró ìkóríta, ibuprofen àti diclofenac wúlò fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé wọn mì fún oṣù mẹ́jọ ń fi inú àti kíndìnrín rẹ̀ ṣòfò. Bí ife bá ń bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tàbí bí ẹran ìdí àtàǹpàkò bá ń joro, kí ó má ṣe dúró mọ́. Ilé ìwòsàn eegun wà ní Igbobi láti 1945; fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń fi ìdárayá wo iṣan sàn wà níbẹ̀ àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá mìíràn. Iṣan tí a tètè tú sílẹ̀ a máa padà bọ̀ sípò. Èyí tí a fi sílẹ̀ pẹ́ lè má padà.

Òfin pẹ̀lú ní ohun tí ó sọ, ó sì dùn wá pé díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2010, kò dúró sórí ẹni tí ó jábọ́ láti òkè nìkan. Ó ka àìsàn tí iṣẹ́ fà mọ́ ọn. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó náà sí NSITF, náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí ó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ó ti mọ̀. Ọ̀gá ní ọjọ́ méje láti ròyìn rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe mú bébà àti gègé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọkùnrin wa ń sọ, àwa ń kọ, nítorí pé àwọn ìka tí yóò fi di gègé mú ni ó ń ṣàìsàn. A kọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, àti àwọn ìka tí ó kàn. Ẹ̀rù ń bà á pé a óò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, àwa kò sì lè sọ fún un pé irọ́ ni ẹ̀rù náà. A ṣe ẹ̀dà ìwé náà méjì, a fi ọ̀kan sínú Bíbélì wa kí ó má baà sọnù. A san owó tí ó kọ́kọ́ dá lé iṣẹ́ náà fún un, kì í ṣe èyí tí a ná an sí.

Ewé dígí mẹ́rìnlélógójì ni ó kù láìnù. Ní ọjọ́ Ajé, àwa àti àwọn ọmọ wa ni a pín in nù, nígbà tí yóò sì fi di alẹ́, a kò lè gbé apá bọ aṣọ ìsùn láìkérora. Ọmọkùnrin náà ti lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wé ọwọ́ rẹ̀ sùn. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ọ̀gá rẹ̀ kò tíì fèsì ìwé náà.