Google Kọ́ Ló Sọ Ọ́

Ẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú púrọ́jẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé girama tó bá sún mọ́ yín. Bí ẹ bá rí i pé ó kọ "Source: Google" síbẹ̀, ẹ má fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa àgbà la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, àwa la sì ń fún un ní máàkì lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ń gbé ní Igbó-Ọrà, níbi tí ìbejì ò ti jẹ́ tuntun létí ẹnikẹ́ni. JSS 2 ni wọ́n wà nígbà tí tíṣà wọn ní kí wọ́n ṣe púrọ́jẹ́ẹ̀tì lórí àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká, kí wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ wọn sí ìparí rẹ̀. Táíwò gba owó lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó kọrí sí káfè. Ẹni tó bá níbẹ̀ wá ọ̀rọ̀ jáde, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé mẹ́fà tó ní àwòrán aláràbarà, ó fi ike bò ó. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Source: Google.

Kẹ́hìndé ní tiẹ̀ yá fóònù mi nígbà tí mo lọ kí wọn. Ọjọ́ méjì ló fi ka ìkànnì NASA, ó ń bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ojú ewé mẹ́ta. Ó kọ orúkọ ojú ewé tó kà àti ọjọ́ tó kà á. Níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ Venus, ó fi kún un pé Àgùàlà ni Yorùbá ń pè é, ó sì kọ ẹni tó sọ fún un: ìyá wa àgbà, nílé wa, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ló kà.

Táíwò gba 9 nínú 10. Kẹ́hìndé gba 5. Wọ́n fi bírò pupa fa igi sí "mẹ́jọ", wọ́n kọ "mẹ́sàn-án" lé e. Wọ́n tún yí òbìrí ká orúkọ ìyá àgbà, wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tíṣà yẹn nìkan ni mo ń bá wí. Nóòtì tí wọ́n fún òun náà nígbà tó wà nílé ìwé ló ń fún àwọn ọmọ. Mẹ́sàn-án ni èmi náà kọ́, òótọ́ sì ni nígbà náà. Lọ́dún 1930 ni Clyde Tombaugh rí Pluto ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kà á mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó wà nínú International Astronomical Union dìbò ní ìlú Prague. Wọ́n ní pílánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí oòrùn ká, kó rí roboto, kó sì ti gbá ọ̀nà tó ń gbà yípo mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn nǹkan mìíràn. Pluto ò kájú ẹ̀kẹta. Ó di mẹ́jọ.

Ìdí tí a fi ń kọ ọjọ́ sí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, Jupiter ló ní òṣùpá jù, 92. Kí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn tó parí, Saturn ti gba ipò náà pẹ̀lú 145. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ti Saturn di 274. Ọmọ mẹ́ta lè kọ iye mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má purọ́, bí kálukú bá ti kọ ibi tó ti rí i àti ìgbà tó rí i. Bí wọn ò bá kọ ọ́, kí ni tíṣà fẹ́ fi dá wọn lẹ́jọ́ ju nóòtì àtijọ́ lọ?

Google wá ńkọ́? Ká ní ẹ gun ọ̀kadà láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, lọ sílé bàbá kan tó mọ ìtàn ìlú. Bàbá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Nígbà tẹ́ ẹ délé, ṣé ẹ máa ní ọlọ́kadà ló sọ ìtàn náà? Google ni ọlọ́kadà. Ó gbé yín dé ẹnu ọ̀nà ni. AI tí gbogbo wa ń bi ní ìbéèrè báyìí tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè júwe ilé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ rí fún yín, kó sì dárúkọ onílé.

Àwọn kan á ní àṣà òyìnbó ni kéèyàn máa tọ́ka sí orísun. Irọ́ ni. Nínú ẹsẹ Ifá, babaláwo á kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tó dífá kó tó sọ ẹni tí wọ́n dá a fún. Nígbà tí Samuel Johnson kọ ìtàn Yorùbá, tó parí rẹ̀ lọ́dún 1897, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1921, ó dárúkọ àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: David Kukomi ti Ìbàdàn, Josiah Oni, Lagunju tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ, àti àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn. Ẹnu èèyàn ni orísun rẹ̀, kò sì tijú láti sọ ọ́.

Ẹ wo Igbó-Ọrà fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó jẹ́ kí ìbejì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á ní ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ni. Ta ló sọ ọ́? "Wọ́n ní" ni. Ṣùgbọ́n pé ìbejì pọ̀ lágbègbè náà lóòótọ́, ẹnì kan jókòó ka ọmọ: Nylander, oníṣègùn ní University of Ibadan, tẹ ohun tó rí jáde lọ́dún 1969. Èyí ṣeé yẹ̀ wò. "Wọ́n ní" ò ṣeé yẹ̀ wò.

Mo mọ̀ pé èmi náà ò mọ́. Chapter Two púrọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo fi gba dìgírì, ti ẹni tó ṣáájú mi ni mo dà kọ, tí mo yí orúkọ padà. Ibi iṣẹ́ ló là mí lójú. Kóòdù tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà ò rí owó san. Mi ò rántí ibi tí mo ti mú un. Ilẹ̀ mọ́ bá mi lórí ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí kóòdù àdàkọ tí mo fi sílẹ̀ láìkọ líǹkì rẹ̀ sí i lórí.

Ẹ ò ní dátà, iná ò sí, ilé ìwé ò ní láíbìrì? Ẹ lọ bi àgbà, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ta ló sọ ọ́, níbo, nígbà wo, ìgbà wo lẹ kà á tàbí tẹ́ ẹ gbọ́ ọ: mẹ́rin péré. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mẹ́rin yìí ní máàkì. Bí ọmọ bá sì kọ ohun tó yàtọ̀ sí nóòtì yín, ẹ ṣí ibi tó tọ́ka sí wò kẹ́ ẹ tó ṣí bírò pupa.

Kẹ́hìndé pè mí lẹ́yìn tó gba ìwé rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé kí n máa kọ Google nígbà míì?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń fún un ní máàkì.